Ọkọ̀ Àlòkù àti Ọmọ Ilẹ̀ Òkè: Láti Okpomèta dé Etí Odò Wẹmẹ

Ẹni tó bá ń wá ọkọ̀ apẹja kò ní kọ́kọ́ ronú kan Okpomèta. Ọ̀kan ni nínú arrondissement mẹ́fà tó para pọ̀ di kọ́múùnù Kétu, ní ẹ̀ka ìjọba Plateau, èyí tí wọ́n yọ lára ẹ̀ka Ouémé ní 1999. Orúkọ ẹ̀ka náà kò purọ́: ilẹ̀ òkè tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni, ilẹ̀ pupa tí í gbé omi òjò mì kí ó tó ṣàn jìnnà. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni omi tí ilẹ̀ gbé mì máa ń lọ. Nítorí náà ni kànga ibẹ̀ fi jìn, tí àwọn ìyá wa kì í sì í fi omi òjò ṣeré. Bí òjò bá ṣú, kí ọmọdé tó sá wọlé, ìyá ti gbé garawa, ìkòkò àti àgbá sí abẹ́ páànù. Níbi tí a ti ń ka omi ní garawa garawa, ta ni yóò ra ọkọ̀?

Síbẹ̀, èdè wa kò gbàgbé omi. Àwa tí a fi èdè Faransé kàwé mọ̀ pé pirogue yàtọ̀ sí bateau, bateau sì yàtọ̀ sí voiture. Yorùbá ní ọkọ̀ ni gbogbo wọn: ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ ilẹ̀, ọkọ̀ òfurufú. Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá láàrin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, mọ́tò kò tíì dé ayé. Ọkọ̀ tí àwọn baba wa ń sọ nígbà náà, orí omi ló ń rìn. Bí a bá pe ẹni tó ń darí takisí láti Kétu lọ sí Pobè ní awakọ̀, iṣẹ́ ẹni tó di àjẹ̀ mú, igi pẹlẹbẹ tí a fi ń tu omi, ni a fi sọ ọ́ lórúkọ. Ọmọ ilẹ̀ òkè tí kò rí odò rí ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ etí odò lójoojúmọ́, láì fura.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mẹ́ta nínú àwọn tí mo ti kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wá bá mi. Wọ́n ti dá àjọ fún ọdún méjì. Ilẹ̀ oko baba wọn ti pín sí wẹ́wẹ́ láàrin ọmọ púpọ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ní àna ní etí odò Wẹmẹ, èyí tí máàpù ń pè ní Ouémé. Ọkọ̀ apẹja àlòkù ni wọ́n fẹ́ rà, nítorí owó àjọ wọn kò tó ra tuntun. Wọ́n ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa lọ, kí ẹ lè bá wa ka ìwé tí ẹni tó ń tà á bá mú wá." Mo gbà, ṣùgbọ́n mo ní kí a pe bàbá kan ládùúgbò mọ́ ọn, agbẹ́gilére tó ti ń fi àáké àti ọ̀bẹ jẹun láti ìgbà èwe rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kí ni bàbá tó ń gbẹ́ odó àti ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ̀ nípa ọkọ̀?

Ìbéèrè wọn ni mo fẹ́ dáhùn nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ìlú Kétu jẹ́ ọ̀kan lára orírun Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ìṣe àjogúnbá tí àjọ UNESCO kéde ní 2001 pé ó jẹ́ ti gbogbo ayé, tí wọ́n sì kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn ní 2008. Kí ère tó di ère, igi ni. Kí ọkọ̀ tó di ọkọ̀, igi ni òun náà. Àwa tí a kò ní odò ní igi, a sì mọ èyí tó le, èyí tó rọ̀, èyí tí ikán kì í jẹ àti èyí tí ikán fi ń ṣe oúnjẹ alẹ́. Ẹni tó bá mọ igi ti mọ ìdajì ọkọ̀. Ìdajì kejì wà lọ́wọ́ omi, a sì ní láti lọ bá àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Zémidjan ni a gùn láti Okpomèta kọrí sí ìwọ̀-oòrùn. Ọyẹ́ ń jà. Eruku pupa bo ìpéǹpéjú wa. Oko àgbàdo ti di pòròpórò gbígbẹ, igi tíìkì ti wọ́ ewé sílẹ̀, igi kajú nìkan ló ń tanná. Díẹ̀díẹ̀ ni ilẹ̀ ń rẹlẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ ń dúdú, tí igi ń ga sí i. Kí a tó rí odò ni a ti gbọ́ òórùn èéfín tí wọ́n fi ń yan ẹja.

Wẹmẹ ni odò tó gùn jù lọ ní orílẹ̀-èdè Benin, nǹkan bí 510 kìlómítà. Láti apá òkè Atakora ló ti ń bọ̀, títí dé ọ̀sà Nokoué àti ọ̀sà Àjàṣẹ́ tí a ń pè ní Porto-Novo, kí omi rẹ̀ tó bá òkun pàdé ní Kútọnu. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ó máa ń sún kì, iyanrìn a sì tẹ́ àárín rẹ̀ bí ẹní. Ṣùgbọ́n láàrin oṣù kẹjọ sí oṣù kẹwàá, omi òjò ilẹ̀ àríwá a dé, odò a kún àkúnya, á sì wọ inú oko àwọn tó wà ní àfonífojì ìsàlẹ̀. Odò kan náà ni, àmọ́ ìwà méjì ló ní. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ nígbà tí odò ń sùn gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ bí ọkọ̀ náà yóò ṣe nígbà tí odò bá jí.

Bàbá apẹja tó gbà wá lálejò, àna ọmọ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, gbọ́ Yorùbá dáadáa. Kó tó fi ọkọ̀ kankan hàn wá, ó bèèrè pé, "Omi wo lẹ fẹ́ wà á lórí rẹ̀?" Àwọn ọmọ mi rò pé omi ni gbogbo omi. Bàbá ṣàlàyé fún wọn. Ọkọ̀ odò a máa tẹ́, ikùn rẹ̀ kì í jìn, kí ó má baà há mọ́ iyanrìn. Ọkọ̀ ọ̀sà, irú èyí tí àwọn ará Ganvié ń wà láàrin ilé tí wọ́n kọ́ sórí òpó, fúyẹ́, ó sì rọrùn láti fi ọ̀pá gbún síwájú, nítorí ọ̀sà Nokoué kò jìn. Ọkọ̀ òkun ni èyí tí a máa ń rí ní èbúté apẹja Kútọnu, tó gùn, tí imú rẹ̀ ga, tí wọ́n kan pákó mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ìgbì má baà bò ó. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ òkun wọ̀nyí ló ti Gánà wá. Igi tí àwọn ará Gánà ń pè ní wawa ni wọ́n fi ń gbẹ́ wọn, arère sì ni Yorùbá ń pè é.

Nígbà tí agbẹ́gilére gbọ́ arère, ojú rẹ̀ là. Ó ní arère fúyẹ́, ó rọrùn gbẹ́, ó sì léfòó dáadáa, ṣùgbọ́n kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀, ó sì máa ń tètè jẹrà bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ nínú ọ̀rinrin. Ìrókò wúwo jù ú lọ, ó sì wọ́n jù ú lọ, àmọ́ ó ń pẹ́. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ lẹ́yìn "omi wo?" ni "igi wo?". Bí ẹni tó ń tà á bá ní ìrókò ni, tí igi náà sì funfun, tó fúyẹ́, tí èékánná ń wọ̀ ọ́, olúwa rẹ̀ ti sọ irú ẹni tí òun jẹ́.

Ewu kan wà tí àwa ará òkè kò lè mọ̀. Nínú omi iyọ̀, ẹ̀dá oníkarahun kan wà tó jọ ìdin, tí í lu igi ọkọ̀. Ihò tó gbà wọlé kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ṣùgbọ́n inú igi lọ́hùn-ún, ọ̀nà tó là lè tó ìka ọwọ́. Omi odò tí kò ní iyọ̀ kì í jẹ́ kí ó pẹ́ láyé, àmọ́ ihò tó ti lu kò ní dí. Ọ̀sà Nokoué fúnra rẹ̀ máa ń ní iyọ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn, kí omi Wẹmẹ tó wá fọ̀ ọ́ ní ìgbà àkúnya. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ láti Kútọnu tàbí láti ọ̀sà wá tà fún yín ní etí odò, ẹ wá ihò abẹ́rẹ́ wọ̀nyí ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ní ojú oòrùn.

Ọkọ̀ méjì ni wọ́n fi hàn wá. Èkíní wà lórí iyanrìn, ọ̀dà búlúù àti pupa ń dán lára rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ mi ti fẹ́ràn rẹ̀ kí a tó sún mọ́ ọn. Agbẹ́gilére kò wo ọ̀dà. Ó lọ sí iwájú ọkọ̀, ó lóṣòó, ó di ojú kan, ó sì wò ó láti orí dé ìdí bí ẹni ń wo ìtì igi tó fẹ́ gbẹ́. Ó ní kí olúkúlùkù wọn ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n rí i pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún yọ síta ju ti òsì lọ. Ọkọ̀ náà ti lọ́. Ọkọ̀ tó lọ́ a máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá ẹni tó ń wà á ni yóò sì máa san gbèsè náà lójoojúmọ́.

Lẹ́yìn náà ni ó fi ẹ̀yìn ìka kan igi náà láti ibì kan dé ibì kejì, ó tẹ́tí sílẹ̀. Ibi tí igi ti le ń dún kò-kò-kò. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀ ní ọ̀dọ̀ ìdí, ó dún bọ̀-bọ̀. Ó yọ ọ̀bẹ kékeré, ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, ó sì fi ṣóńṣó rẹ̀ tẹ ibẹ̀. Ọ̀bẹ wọlé bí ẹni gún iṣu jíjinná. Ó ní ibi márùn-ún ni kí a máa tẹ bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ èyíkéyìí: ìsàlẹ̀ inú níbi tí omi òjò máa ń dúró sí, abẹ́ pákó ìjókòó tí oòrùn kì í dé, oríta pákó àti ìtì igi, àyíká ìṣó, àti orí méjèèjì ọkọ̀ níbi tí ojú igi ti là sílẹ̀ fún omi. Níbi tí ìṣó bá ti dípẹtà, tí igi àyíká rẹ̀ sì dúdú, ìṣó náà kò di nǹkan kan mú mọ́.

Lábẹ́ ìjókòó, ó fi ọwọ́ gbá ìyẹ̀fun kíkúnná jọ. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Lórí ọpọ́n Ifá, ìyẹ̀ tí kòkòrò jẹ lára igi ìrosùn a máa bá babaláwo sọ̀rọ̀. Èyí náà ń sọ̀rọ̀. Ó ní kòkòrò ṣì wà nílé." Nígbà tí a fọ ọ̀dà díẹ̀, a rí páànù tí wọ́n kàn mọ́ ọn, a sì rí símẹ́ńtì tí wọ́n fi dí ihò lábẹ́ páànù náà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Ọ̀dà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ó ń dáàbò bo igi. Ṣùgbọ́n ọ̀dà tí kò tíì gbẹ lára ọkọ̀ tó ti gbó yẹ kó mú kí ènìyàn bèèrè ìdí rẹ̀.

Ọkọ̀ kejì kò ní ọ̀dà kankan. Ó rí ṣákálá, ó sì la ẹnu ní ibi mẹ́ta. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ kọjá lọ. Agbẹ́gilére dá wọn dúró. Ó fi ọ̀bẹ yẹ ẹnu tó là náà wò: igi inú rẹ̀ le, àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà, kò sì rùn. Ó ní, "Igi tó gbẹ a máa lanu. Bí ó bá mu omi, á pa ẹnu dé. Èyí tó rà ni kò lè pa á dé mọ́." Ibẹ̀ ni ìmọ̀ tirẹ̀ parí sí. Ó yíjú sí apẹja, ó ní, "Ó kù sọ́wọ́ yín."

Apẹja ní kí a ti ọkọ̀ náà sínú omi, kí a sì fi í sílẹ̀. Ní wákàtí àkọ́kọ́, omi ń wọlé gan-an, àwọn ọ̀dọ́ ń gbọ́n ọn, ojú wọn sì ń ro. Nígbà tí oòrùn fi kan àtàrí, omi tó ń wọlé ti dínkù. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ẹnu méjì ti pa dé, ẹ̀kẹta nìkan ló ṣì ń sun díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a ra ọkọ̀ ní kánjúkánjú. Ẹni tó wò ó ní wákàtí kan yóò kọ ọkọ̀ rere sílẹ̀. Ẹni tí kò sì tì í sínú omi rárá lè ra pósí.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n kó àpò iyanrìn tí ìwúwo rẹ̀ tó ti àwọ̀n, ẹja àti ènìyàn mẹ́ta sínú rẹ̀. Apẹja fi èédú fa ìlà sí ibi tí omi dé ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó sì padà wá wò ó nígbà tó ṣe. Ìlà náà kò rì, ọkọ̀ kò sì fì sí apá kan. Ó wọ inú rẹ̀, ó dìde dúró, ó mì í sọ́tùn-ún sósì. Ó wà á lòdì sí ìṣàn omi, ó sì wà á padà. Ó wá ní pákó kan ṣoṣo ni kí a pààrọ̀, kí a sì yọ owó pákó àti owó iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà kúrò nínú iye tí a ó san.

Ẹni tó ń ta ọkọ̀ búlúù kò fẹ́ kí a lọ. Ó ní òun yóò fi ẹ́ńjìnnì kún un ní owó pọ́ọ́kú. Lórí ẹ́ńjìnnì àlòkù, ìmọ̀ràn apẹja kò gùn. Ẹ fọwọ́ kàn án kí wọ́n tó tan án: bí ó bá ti gbóná, wọ́n ti tan án kí ẹ tó dé, ẹ kò sì ní mọ̀ bí ó ṣe ń ṣe láàárọ̀. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ wo bóyá omi tó ń mú un tutù ń tú jáde dáadáa. Ẹ tú òróró ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò: bí ó bá funfun bíi wàrà, omi ti wọ inú rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà ara rẹ̀ ṣì hàn, tàbí wọ́n ti ha á kúrò. Kí ẹ sì ṣírò epo. Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, kpayo tí a ń rà nínú ìgò létí títì kò pọ́ọ́kú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ́ńjìnnì tí ẹja kò lè bọ́, ẹni tó ni í ni yóò máa bọ́ ọ.

Iṣẹ́ tèmi ló kàn: ìwé. Ọkọ̀ a máa jẹ́ ti ẹbí nígbà púpọ̀. Ẹ̀gbọ́n lè tà á, kí àbúrò wá gbà á padà ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, mo ní kí ẹni tó ni ọkọ̀ kejì pe ẹbí rẹ̀, kí olórí abúlé sì jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ìwé tí a kọ sílẹ̀, tí kò tíì sí ìfọwọ́sí nínú rẹ̀, sọ orúkọ olùtà àti olùrà, gígùn ọkọ̀, irú igi rẹ̀, àbùkù tí a rí, iye owó àti ọjọ́. Orílẹ̀-èdè wa ti ní òfin lórí ẹja pípa àti ọ̀sìn ẹja láti 2014. Ó yẹ kí olùrà kọ́kọ́ bèèrè ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ẹja ní agbègbè náà irú àwọ̀n tí wọ́n gbà láyè àti ìwé tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní. Kí ó bèèrè pẹ̀lú lọ́wọ́ àwọn apẹja fúnra wọn, nítorí odò ní àṣà àti èèwọ̀ tí a kò kọ sínú ìwé kankan.

A ti fẹ́ ka owó nígbà tí bàbá apẹja bèèrè ohun kan tí kò sí lórí ìwé mi. Ó ní, "Nínú ẹ̀yin mẹ́ta yìí, ta ló mọ lúwẹ̀ẹ́?"

Kò sí ẹni tó dáhùn. Lórí ilẹ̀ òkè wa, níbo ni ọmọ yóò ti kọ́ ọ? Kànga kọ́ ni a ti ń lúwẹ̀ẹ́.

Bàbá kò bá wọn wí. Ó ní, "A ti yẹ ọkọ̀ wò, ara ọkọ̀ le. A kò tíì yẹ ẹni tó fẹ́ rà á wò. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, igi yóò léfòó. Ẹ̀yin ńkọ́?" Ó ní kí wọ́n mú owó wọn padà sílé. Òun yóò bá wọn sọ fún ẹni tó ni ọkọ̀ pé kí ó dúró dè wọ́n. Bí kò bá lè dúró, ọkọ̀ mìíràn kò ní ṣàì sí. Ó ní kí wọ́n wá máa bá òun ṣiṣẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀, kí wọ́n kọ́ omi, kí wọ́n kọ́ àwọ̀n, kí wọ́n sì ra ẹ̀wù tí í mú ni léfòó kí wọ́n tó ra ọkọ̀.

Nígbà tí à ń padà sí Okpomèta, ọ̀kan nínú wọn ń ráhùn pé a fi gbogbo ọjọ́ lọ, a kò sì ra nǹkan kan. Mo rán an létí pé àwọn àgbà ní a kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè. Ojú agbẹ́gilére àti ojú apẹja ni wọ́n fi wo ọkọ̀ ní ọjọ́ náà. Ó ku kí wọ́n ní ojú tiwọn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tó ń ronú láti kúrò lórí ilẹ̀ pupa lọ síbi tí omi wà, n kò ní kí ẹ má lọ. Ìmọ̀ igi tí ẹ bá lọ́wọ́ àwọn baba yín kì í ṣe ohun ìtìjú létí odò. Ẹ gbé e dání. Ṣùgbọ́n kí ẹ fi ìrẹ̀lẹ̀ bèèrè èyí tí ẹ kò mọ̀, kí ẹ tó san owó. Ní àkókò tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, owó àjọ àwọn mẹ́ta náà ṣì pé. Ọkọ̀ kejì ṣì wà létí odò, wọ́n ti pààrọ̀ pákó rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n máa ń gun zémidjan lọ sí Wẹmẹ. Méjì nínú wọn ti lè lúwẹ̀ẹ́ dé orí iyanrìn àárín odò, kí wọ́n sì padà. Ẹnìkẹta ṣì ń kọ́.